Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kú nítorí ìrẹsì mọ́dù mẹ́ta

  

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànìn nínú ìpàdé wa láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, díẹ̀ ló sì kù kó di ìjà. Àwọn ọ̀dọ́ wa dìde, wọ́n ní ó yẹ kí àwa Yorùbá tí a tẹ̀dó síbí ṣe nǹkan fún àwọn aláìní kí ọdún tó parí. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Wọ́n ní kí á ra ogójì àpò ìrẹsì, kí á ta àgọ́ sí pápá, kí á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde, kí á pe àwọn oníròyìn, kí á sì ké sí gbogbo ayé kí wọ́n wá gba mọ́dù mẹ́ta mẹ́ta. (Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, mọ́dù ni wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà níbí o, bí ẹ ti ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n nílé.) Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi tí ẹ fi ṣe olórí nìkan ni mo ní rárá.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ahun. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ ọ́ lójú mi pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ kò fẹ́ kí owó jáde nínú àpò ẹgbẹ́ ni.” N kò bínú. Ọmọ tó bá lè sọ òótọ́ inú rẹ̀ lójú àgbà sàn ju èyí tí ó ń sọ ọ́ lẹ́yìn lọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó yẹ kí n kọ ìdí ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kí ẹni tí kò wá sí ìpàdé lọ́jọ́ náà lè rí i kà.

Ẹ jẹ́ kí á rántí oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù náà, wọ́n ṣètò àríyá ọdún fún àwọn ọmọdé ní Islamic High School, ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀bùn sì wà níbẹ̀. Àwọn ìyá pọn ọmọ, wọ́n fa àwọn mìíràn lọ́wọ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ẹnu géètì fi kún. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn, tí àwọn ọmọ ṣubú, tí àwọn mìíràn sì ń gun orí wọn kọjá, ọmọ 35 ló kú. Ọmọ 35, ní ojúmọ́ kan, ní ìlú tí púpọ̀ nínú yín ti wá. Mo mọ ọkùnrin kan nínú wa tí ó ní àbúrò ní Baṣọ̀run. Ó ní òun kò lè jẹun lọ́jọ́ náà títí tí òun fi rí àbúrò òun bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ 21, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ibi méjì. Ọ̀kan ní Okija, ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín ìrẹsì. Èkejì ní Abuja wa níbí, ní ìjọ Kátólíìkì Holy Trinity, ní Maitama. Ẹ mọ Maitama, àdúgbò àwọn ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ìdájí kì í ṣe ọlọ́lá. Àwọn arúgbó ni, àwọn abiyamọ, àwọn tó wá láti Mpape lórí òkè lọ́hùn-ún. Ènìyàn mẹ́wàá ló kú, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Oúnjẹ ni wọ́n wá gbà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé ọkàn àwọn tó fẹ́ fúnni ní oúnjẹ burú. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ìrẹsì fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ṣé a lè pe irú wọn ní ìkà? Ebi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí náírà náà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí lọ́jà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò iye ọjà gbé ti oṣù Kejìlá ọdún 2024 jáde, wọ́n ní ọjà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí láàárín ọdún kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìyá tó ń se oúnjẹ ni pé ohun tó ń fi ẹgbẹ̀rún náírà rà ní ọdún tó ṣáájú ti di náírà 1,348, owó oṣù ọkọ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Bí o bá wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ pé ìrẹsì ọ̀fẹ́ wà, ta ni yóò jókòó sílé?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti Abuja, Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn pa nítorí àrùn kòrónà. Nígbà tí wọ́n dẹ okùn náà díẹ̀, àwa mẹ́fà kan dá owó jọ, a ra àpò ìrẹsì méje àti àpò gààrí mẹ́rin, a kó o sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ènìyàn mẹ́ta péré la sọ fún. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ àárọ̀, iye ènìyàn tó wà níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. A ní kí wọ́n tò. Wọ́n tò fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnì kan wá pariwo pé ìrẹsì ti fẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ a kò tíì pín ju àpò kan lọ, bí gbogbo wọn ṣe ya lu tábìlì nìyẹn. Ìyá arúgbó kan, ará Gbagyi, ọmọ onílẹ̀ Kabusa gan-an, ṣubú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Owó tí a fi tọ́jú ọwọ́ náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ìrẹsì tí ì bá gbà. Títí di òní, bí mo bá kọjá ní ojúlé rẹ̀, ó máa ń fi ọwọ́ tó wọ́ náà juwọ́ sí mi, á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tí mo rí nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀ lálẹ́. Mo fi ojú inú wo àwọn tó gbé ìrẹsì lọ, mo rí i pé àwọn tó lè ti ènìyàn ló gbà á. Ọ̀dọ́ alágbára, àwọn tó ń wa ọ̀kadà, àwọn ọmọ kánsẹ̀ tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wa. Opó tí a torí rẹ̀ ra nǹkan kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé ó ní ọmọ mẹ́ta tí kò lè fi sílẹ̀. Afọ́jú kò sí níbẹ̀. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá mọ́lẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá ti ń ti ara wọn, alágbára ló ń mú nǹkan délé.

Àwọn baba wa kì í ṣe é báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ilé wa díẹ̀. Ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Ghana, ni bàbá mi ti ń ṣòwò aṣọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n máa lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ẹjìgbò, tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, di ẹni tó ń gbé ẹrù sórí sá lọ. Ìyá mi lóyún mi nígbà náà. Orí ẹrù nínú lọ́rì ni ó jókòó sí gba Togo àti Dahomey kọjá. Ó máa ń sọ fún wa pé obìnrin kan ní Togo, tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ló gbé ẹ̀kọ àti omi gbígbóná fún òun lẹ́bàá ọ̀nà, tó sì fi aṣọ ara rẹ̀ bo òun. Kò mọ orúkọ rẹ̀ títí tó fi kú.

Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí àgọ́, kò sí oníròyìn. Àwọn ará ilé kan ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lálẹ́, wọ́n á gbé èlùbọ́ kalẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́.” Ẹgbẹ́ bàbá mi fi ọ̀wẹ̀ bá a mọ yàrá méjì. Èsúsú tó bá wọn pàdé nílé ni ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò padà. Wọ́n fún un ní ti àkọ́kọ́, kó tó dá kọ́bọ̀ kan. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ohun tí kò ní, wọ́n sì gbé e lọ bá a níbi tí ó wà. (Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwa náà, ní oṣù Kìíní ọdún 1983, lé àwọn ará Ghana jáde ní Nàìjíríà, tí wọ́n di ẹrù sínú àpò onígun-mẹ́rin tí a ṣì ń pè ní Ghana-Must-Go. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fi ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú ṣe yẹ̀yẹ́.)

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ Wassa. Wassa kò jìnnà sí wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Láti bí ọdún 2014 ni àwọn tí ogun Boko Haram lé kúrò ní Borno àti Adamawa ti wá ń gbé níbẹ̀, nínú àwọn ilé tí wọn kò kọ́ parí, bí wọ́n ṣe wà ní Durumi àti New Kuchingoro pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Gwoza. Oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni Boko Haram gba Gwoza, tí wọ́n sọ ọ́ di olú ìjọba tiwọn. Àwọn sójà gbà á padà ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jó ilé rẹ̀, tí wọ́n sì pa ọkọ rẹ̀, ibo ni yóò padà sí?

Àwa mẹ́rin lọ síbẹ̀ kí a lè mọ ohun tí a fẹ́ ṣe. Obìnrin kan tí ó ti Gwoza wá bá wa sọ̀rọ̀ ní èdè Hausa. Ó ní, “Ní oṣù Kejìlá, ọkọ̀ á tò síbí. Wọ́n á ya fọ́tò wa. Láti oṣù Kìíní lọ, ẹ kò ní rí ẹnikẹ́ni mọ́.” Mo bi í pé kí ni ó nílò jù. Mo rò pé yóò dárúkọ oúnjẹ. Ó ní aláboyún ń bímọ lóru tí kò sí nọ́ọ̀sì. Ó ní àwọn ọmọbìnrin tó ti bàlágà kì í lọ sí ilé ìwé nígbà nǹkan oṣù wọn nítorí kò sí ohun tí wọ́n máa lò. Ó ní òun mọ aṣọ rán, ṣùgbọ́n òun kò ní ẹ̀rọ. Kò dárúkọ ìrẹsì rárá títí a fi dìde.

Àwọn kan nínú wa ní ìbéèrè tí ó tọ́ láti dáhùn. Wọ́n ní, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣé a ti tọ́jú àwọn Yorùbá tó wà ní Kabusa tán kí á tó lọ bá ará Borno? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Opó kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n wó yàrá tó háyà láìpẹ́, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ wò nínú wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àlejò ni àwa náà lórí ilẹ̀ yìí. Àwọn Gbagyi ló nilẹ̀ Kabusa (Gbagyi ni kí ẹ máa pè wọ́n o, ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ràn Gwari tí a ń pè wọ́n), wọ́n sì gbà wá. Ẹ̀gbá pàápàá, kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, ogun ló lé wọn dé abẹ́ Olúmọ. Ta ni kò ní ogúnléndé nínú ìdílé rẹ̀? Ní tèmi, opó wa yẹn ni kí á kọ́kọ́ lọ bá, ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí a má sì torí rẹ̀ dẹ́kun àtilọ sí Wassa.

Báwo wá ni a ṣe fẹ́ ṣe é? Ohun tí mo gbé síwájú ìgbìmọ̀ kò le. Lákọ̀ọ́kọ́, kò ní sí ìkéde. Àwọn ìyá mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ obìnrin yóò rìn láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n yóò kọ orúkọ opó, arúgbó, aláàárẹ̀ àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, Yorùbá tàbí ẹ̀yà mìíràn. Ẹni tí kò lè rìn, a ó gbé e lọ fún un nílé. Ẹni tó bá lè rìn, ìwé pélébé ni yóò gbà tí a kọ ọjọ́ àti wákàtí tirẹ̀ sí, bí ènìyàn mẹ́wàá sí wákàtí kan, ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra. Bí kò bá sí nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ, kò sí ohun tí o fẹ́ wá dúró dè lẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí. Kò sì ní jẹ́ oṣù Kejìlá nìkan. Owó ogójì àpò tí wọ́n fẹ́ ná lọ́jọ́ kan, kí á pín in sí oṣù mẹ́wàá. Ẹ tún jẹ́ kí á rántí pé lẹ́yìn tí Maitama ṣẹlẹ̀, àwọn ọlọ́pàá Abuja kéde pé ẹgbẹ́ tàbí ilé ìjọsìn tó bá fẹ́ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní gbangba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó àwọn létí. Ẹni tó bá ní òun yóò ta àgọ́ láìsọ fún ọlọ́pàá, kó má fi orúkọ ẹgbẹ́ wa ṣe é.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni a ti jiyàn jù. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí a kò bá gbé e sórí Facebook, ta ni yóò mọ̀ pé Yorùbá Kabusa ń ṣe nǹkan? Mo bi wọ́n pé bí ó bá jẹ́ ìyá tiyín ni, tí ó ń gba gààrí, ṣé ẹ ó fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i? Wọ́n dákẹ́. A fẹnu kò sí pé kí wọ́n ya fọ́tò ẹrù, kí wọ́n má ya ojú ẹnikẹ́ni. Kò tẹ́ wọn lọ́rùn tán, mo mọ̀.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ní àwọn kò lówó, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni mo ń wá. Láti ìgbà tí a ti Wassa dé, ìyá kan nínú wa tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn aláboyún, ó sì ń sọ fún wọn ìgbà tó yẹ kí wọ́n tètè máa lọ sí ilé ìwòsàn. Káfíńtà kan tún bẹ́ǹṣì mẹ́fà ṣe fún àwọn ọmọ tí ń kàwé níbẹ̀. Bàbá onígbàjámọ̀ wa mú abẹ rẹ̀ lọ ní Sátidé kan, ó gé irun ọmọ mọ́kànlélógún, ó ní orí kan le ju òkúta Zuma lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn bá obìnrin ará Gwoza yẹn wá ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù, a ń tún un ṣe lọ́wọ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ lára lè lọ fi í sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí obìnrin tí ń bímọ má bàa kú. Ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lè bá ẹgbẹ́ Red Cross ti Nàìjíríà kọ́ bí a ṣe ń gba ẹ̀mí ẹni tó fara pa là. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ní fa kí ènìyàn máa ti ara wọn.

Ọmọkùnrin tó pè mí ní ahun, òun ni ìgbìmọ̀ ti fi ìwé orúkọ lé lọ́wọ́ báyìí. Lálẹ́ àná ni ó pè mí lórí fóònù pé, “Bàbá, ẹ kú alẹ́ o. Orúkọ ti pé 64, a kò tíì dé ẹ̀yìn ọjà.” Mo ní kó máa bá a lọ.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀ yóò wáyé ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti ń ṣe é. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ọkọ̀, tó sì lè fi àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan sílẹ̀ lóṣù, kó wá rí mi kó tó di ọjọ́ náà. Orúnkún ń dun nọ́ọ̀sì wa, ọ̀kadà ló sì ń gùn lọ sí Wassa láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn.